Bíréèkì Àbúrò Mi

Mi ò fọkàn tán mẹkáníìkì. Àwọn tó wà ní Agboju, fóònù ni wọ́n máa ń tẹ̀ bí wọ́n bá ń tú nǹkan tó gbé ẹ̀mí ọmọlọ́mọ dání. Nítorí náà, nígbà tí bíréèkì iwájú alùpùpù tí àbúrò mi fi ń gbé oúnjẹ lọ fún àwọn oníbàárà ní Festac bẹ̀rẹ̀ sí í han, èmi ni mo tú u lẹ́yìnkùlé wa.

Mo pààrọ̀ páàdì tó ti jẹ tán. Mo fi ọṣẹ fọ àwo irin tí páàdì máa ń fún mú kí táyà tó dúró, mo sì fi aṣọ mímọ́ nù ún, torí bíréèkì tí ọ̀rá bá kàn, yíyọ̀ ni yóò máa yọ̀. Àbúrò mi gùn ún yí àdúgbò ká, ó tẹ̀ ẹ́, ó dúró gbagidi.

"Ẹ̀gbọ́n, ó ṣáápù gan-an," ó ní. Mo ń yan kiri bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ forí sọ ẹ̀yìn tírélà lọ́nà Abúlé Adó. Wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ lórúnkún.

Nígbà tí wọ́n gbé alùpùpù náà wálé, mo ti dá ara mi lẹ́bi tán. Mo fipá bẹ̀rẹ̀ tì í, mo fìka kan àwo irin náà. Ó ń yọ̀. Mo gbóòórùn ìka mi: òróró ólífì. Òórùn yẹn wà lára àtẹ́rígbà wa, lára ìrọ̀rí wa, lára gbogbo ohun tí ìyá wa bá gbàdúrà sí. Látìgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ohunkóhun kì í jáde nílé wa láìjẹ́ pé ó fi òróró ra á. Ó ti jí fi òróró ra táyà náà kí àbúrò mi tó jáde, ó sì ti kan àwo irin rẹ̀.

Inú bí mi. Mo gba ọsibítù lọ láti sọ ọ́ fún ìyá wa lójúkojú. Mo bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń ta òróró síwájú orí àbúrò mi, ẹkún ti mú ojú rẹ̀ wú.

"Ká ní mi ò ta òróró sí máṣíìnì yẹn ni," ó ní, "òkú rẹ̀ là bá gbé wálé."

Àbúrò mi ò wò ó. Èmi ló ń wò.

"Ẹ̀gbọ́n, bíréèkì yẹn ò mú."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo wo ìyá wa, mo wo ìgò kékeré tó dì mú.

"Mo mọ̀," ni mo wí. "Mi ò ṣe é dáadáa."