Ibi Tí Ọmọ Mi Kúnlẹ̀ Sí

Nígbà tí mo dé Port Harcourt lọ́dún 2001, ohun tó kọ́kọ́ fi mí lọ́kàn balẹ̀ ni ilé ìjọsìn kan tí a ti ń bọ́ bàtà. Wẹ́dà ni ọkọ mi. Níbi tí wọ́n ti ń wa epo lórí omi ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó wálé. Èmi nìkan ni mo máa ń wà nínú yàrá wa ní Rumuola, níbi tí mo ti ń ránṣọ. Pidgin pàápàá, ṣe ni mò ń fi etí kó o díẹ̀díẹ̀. Ariwo ọkọ̀ kì í dákẹ́. Nígbà mìíràn a máa ń gbọ́ ìbọn, gbogbo àgbàlá á sì dojú bolẹ̀ títí yóò fi rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìsinmi, tí àtẹ́lẹsẹ̀ mi bá ti kan sìmẹ́ńtì tútù ilé ìjọsìn yẹn, tí gbogbo wa wọ funfun, tí ẹnikẹ́ni kì í gbé ohùn sókè, mo máa ń mọ̀ pé mo ti kúrò ní ìgboro. Àwọn Yorùbá ló pọ̀ jù níbẹ̀. Mo sọ èyí kí ẹni tó ń kà á má baà rò pé mo kórìíra ìjọ náà. Inú rẹ̀ ni mo ṣì wà títí dòní.

Òfin wa kò kéré. Obìnrin kì í ṣí orí sílẹ̀. Obìnrin kì í kọjá aṣọ ìkélé tó wà níwájú pẹpẹ. Obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù kò gbọdọ̀ wọlé títí ọjọ́ méje yóò fi pé, tí yóò wẹ̀, tí wọn yóò sì gbàdúrà fún un. Mo mọ òfin wọ̀nyí débi pé èmi ni Ìyá Ìjọ ní kí n máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin wa lọ́sàn-án Sátidé. Mo máa ń gbé kàlẹ́ńdà síwájú wọn, mo sì ń fi ìka ka ọjọ́ hàn wọ́n. Kò sí èyí tó ṣi ọjọ́ kà rí nínú àwọn tí mo kọ́.

Ọmọbìnrin tèmi nìkan ni n kò tíì kọ́. Nígbà tó pé ọmọ ọdún méjìlá, mo ní ó kù díẹ̀. Nígbà tó pé mẹ́tàlá, mo ní kó kọ́kọ́ ṣe ìdánwò rẹ̀ tán. Mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ojú sì ń tì mí láti kọ́ tèmi.

Ó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Bẹ́ńṣì iwájú ni wọ́n máa ń jókòó sí, èmi sì wà ní bẹ́ńṣì kẹta lẹ́yìn wọn. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, nígbà tí wọ́n dìde kọ orin kejì, mo rí i lára sùtánà rẹ̀. Kò tóbi ju bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì lọ. Èmi ni mo rán aṣọ náà, mo sì mọ̀ pé kò sí pupa kankan nínú rẹ̀.

N kò gbàdúrà. Mo dìde, mo lọ síwájú, mo bọ́ ìborùn mi, mo dì í mọ́ ọn nídìí.

Mo rọra sọ fún un létí pé, "Inú ń run ẹ́. Jáde."

"Mọ́mì, inú ò run mí."

"Mo ní inú ń run ẹ́."

Ó wò mí bí ẹni pé orí mi ti dàrú, ṣùgbọ́n ó jáde. Mo jókòó sí àyè rẹ̀. Àmì kékeré kan wà lórí pákó náà. Mo fi ìṣẹ́tí sùtánà mi nù ún títí kò fi sí mọ́, mo wá gbójú sókè wò bóyá ẹnikẹ́ni ń wò mí. Ìyá Ìjọ di ojú, ó ń kọrin. Akọrin kan sún mọ́ mi bí wọ́n ṣe ń jókòó padà, aṣọ rẹ̀ sì kan ibi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye àwọn tó jókòó sórí bẹ́ńṣì náà.

Nílé, mo bu omi tútù sínú ọpọ́n, mo da iyọ̀ sí i, mo ń fọ sùtánà wa méjèèjì àti ìborùn mi. Ọmọ mi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń bi mí pé kí ni òun ṣe. Kò mọ ohun tó ń ṣe é. Èmi tí mò ń kọ́ gbogbo ọmọ ìjọ, ṣe ni mo tún da iyọ̀ sínú ọpọ́n. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, ló jáde sí wa.

"Mama, which kind washing be this for Sunday? Una God no dey rest?"

Mo ní epo ló ta sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ wo inú ọpọ́n, ó wo ọmọ mi, ó sì pàtẹ́wọ́.

"Ah-ah! My pikin don turn woman! I for kill fowl, but na only bread I get."

Ó fà á mọ́ra, ó mú un wọ yàrá rẹ̀, ó fún un ní páàdì, ó sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un. Mò ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ìta. Nígbà tí oníbúrẹ́dì náà jáde, mo sọ fún un pé inú ilé Ọlọ́run ni ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi ti bẹ̀rẹ̀.

"So? God never see blood before?" Ó ní nínú ìjọ tòun, ìyàwó pásítọ̀ ìbá ti mú un wọ ọ́fíìsì, ìbá sì ti po tíì fún un. "You sef, come see. Our church no dey pursue person."

Mo ní a kì í fi ilé Ọlọ́run ṣe àwàdà. Ó ní ta ló ń ṣe àwàdà, ó sì wọlé lọ.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́. Lọ́jọ́ Ajé, abẹ́rẹ́ máṣíìnì mi dá lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo pe ọkọ mi, fóònù rẹ̀ kò wọlé, mo sì ti rí ọkọ̀ ojú omi tó dojú dé lọ́kàn mi. Lọ́jọ́rú, ara ọmọ mi gbóná. Obìnrin tó wà ní kẹ́míìsì ní ibà ni, pé ìdajì àdúgbò ló ń ṣe nítorí òjò. Mo ra oògùn, mo sì fún un lò ó, ṣùgbọ́n n kò gbà á gbọ́. Láti kékeré ni mo ti gbọ́ ìtàn ọkùnrin tó fọwọ́ kan ohun mímọ́ tó sì ṣubú lulẹ̀ kú. Mo ń wo ọmọ mi lórí ẹní, mo ń wo ìpéǹpéjú rẹ̀ bóyá ó ń mì. Mo ń ro gbogbo àwọn tó jókòó sórí bẹ́ńṣì yẹn lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní tí n kò bá sọ ọ́, ọ̀kan nínú wọn á kú.

Mo sọ fún un pé mò ń lọ bá olùṣọ́ ìjọ wa.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wọn."

"Ọlọ́run ti mọ̀."

"Ṣebí Ọlọ́run ti mọ̀. Kí lẹ tún fẹ́ lọ sọ fún un?"

Mo ní kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́.

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an. Ní ọjọ́ Ẹtì, ibà náà ti lọ. Ọkọ mi ti pè, ó ní nẹ́tíwọ̀kì ni kò sí. Ọjọ́ Sátidé ni mo lọ sọ ọ́. Gbogbo ohun tí mò ń bẹ̀rù ti kọjá, mo ṣì lọ.

Olùṣọ́ náà kì í ṣe ènìyàn líle. Ó kọ́kọ́ bi mí bóyá ara ọmọ ti yá. 

"Màmá, ẹ ò bá ti dákẹ́," ló sọ. "Ṣùgbọ́n ẹ ti sọ ọ́ báyìí. Ohun tí mo ti gbọ́, n kò lè ṣe bí ẹni pé n kò gbọ́."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo ìjọ dìde. Wọ́n ní kí ọmọ mi kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ńṣì náà. Ó yíjú wò mí. Mo mọ ohun tí ojú yẹn ń sọ: tí mo bá fà á lọ́wọ́ jáde báyìí, òun á tẹ̀ lé mi. Mo mi orí sí i pé kó kúnlẹ̀. Wọ́n ka Sáàmù, wọ́n bu omi tí wọ́n gbàdúrà sí, wọ́n wọ́n ọn sórí bẹ́ńṣì, wọ́n wọ́n ọn sí i lórí. Wọn kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹnìkan ṣoṣo ló wà lórí ìkúnlẹ̀. Nígbà tó dìde tó ń kọjá lọ sẹ́yìn, ọmọbìnrin kan tí wọ́n jọ máa ń kọrin fa sùtánà tirẹ̀ mọ́ra.

"Ẹ fún un láyè o. Ó ti sọ ṣọ́ọ̀ṣì di ilé ìgbẹ̀bí."

Àwọn méjì rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ọ. N kò sọ nǹkan kan, nítorí a kì í sọ̀rọ̀ sókè nínú ilé Ọlọ́run.

Ó tún bá mi lọ síbẹ̀ fún ọdún mẹ́rin. Ó ń bọ́ bàtà, ó ń borí, ó ń kúnlẹ̀ nígbà tí a bá ń kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n kò la ẹnu kọrin mọ́, àní nílé pàápàá, àní nídìí ìkòkò. Àwọn ènìyàn ń bi mí, mo ní ohùn rẹ̀ ló yí padà.

Nígbà tó wọ yunifásítì, ó gba yàrá sí Alakahia, nítòsí ilé ẹ̀kọ́ náà. Ó lé lọ́dún kan kó tó sọ fún mi pé òun ti rí ìjọ kan níbẹ̀. Ó ní kí n wá. Mo fi oṣù mẹ́ta wá àwáwí, mo wá lọ.

Òkè ilé kan tó ní ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀ ni. Mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí n bọ́ bàtà, ọmọbìnrin kan sì sáré dá mi dúró.

"Mama, no remove am o! Person go thief am!"

Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó dì mọ́ mi, ẹni tí kò mọ̀ mí rí, ó sì fún mi ní omi inú ọ̀rá. Ọkùnrin tó wọ jíńsì tí mo rò pé ó ń tún iná ṣe, òun ni pásítọ̀. Orí ìjókòó gíga kan ló jókòó sí. Ẹni tó ń tẹ dùùrù ń jẹ bísíkíìtì. Fóònù ẹnìkan dún nígbà àdúrà, pásítọ̀ sì ní, "Tell am say you dey your Papa house." Wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mò ń wo fáànù tó wà lókè orí wa, mo ń retí kó já. Mo ka orí àwọn obìnrin tí kò borí títí dé méjìlélógójì. Mo mọ̀ pé nínú iye yẹn, kò ní ṣàì sí àwọn tó ń ṣe nǹkan oṣù lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó bi wọ́n. 

Lẹ́yìn náà ni ọmọ mi dìde lọ síwájú. Ṣòkòtò ló wọ̀, orí rẹ̀ sì wà ní ṣíṣí. Ó gba máíkì, ó kọrin.

Ó ti lé lọ́dún márùn-ún tí mo ti gbọ́ ohùn náà gbẹ̀yìn. Kò yí padà, ṣe ló kàn jinlẹ̀ sí i. Àwọn kan ń fi fóònù ká a sílẹ̀, àwọn kan ń sunkún. Ẹ̀rù ń bà mí pé bóyá Ọlọ́run kò sí níbẹ̀, pé ohùn náà ń ṣòfò láàárín bísíkíìtì àti ẹ̀rín. Ẹ̀rù tó ju ìyẹn lọ ni pé bóyá ó wà níbẹ̀. Tó bá wà níbẹ̀, ta ni mo wá ní kí ọmọ mi kúnlẹ̀ fún?

Nígbà tí a jáde, ó ra bọ̀lì àti ẹja fún wa, a jókòó sórí àga ike létí títì.

"Mọ́mì, ṣé ẹ gbádùn ẹ̀?"

"Wọ́n ń pariwo jù."

Ó rẹ́rìn-ín. "Dem dey shout true true." Ó ń yọ egungun ẹja sọ́tọ̀. "Ṣé ẹ máa tún wá?"

N kò mọ̀. Mo sọ fún un pé n kò mọ̀. N kò lè máa wọ bàtà bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, mo ti dàgbà jù fún un, mo sì ṣì rò pé kò yẹ. Ṣùgbọ́n ojú tó fi wò mí lọ́jọ́ yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ńṣì, mo ń rí i lójú rẹ̀ bó ṣe ń dúró de èsì mi. Mo fi bọ̀lì mi sílẹ̀. Mo ní, "Ọjọ́ tí wọ́n ní kí o kúnlẹ̀ yẹn, ó yẹ kí n ti fà ẹ́ jáde. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Ó dáwọ́ dúró. Kò gbójú sókè. 

Láyé mi, n kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí nítorí pé mo pa òfin ilé Ọlọ́run mọ́. Bí mo ṣe sọ ọ́ tán, mo yíjú wẹ̀yìn bí ẹni pé ẹnìkan dúró síbẹ̀ tó gbọ́ mi. Nígbà tí mo yíjú padà, ọmọ mi ti na ọwọ́ rẹ̀ tó kún fún epo, ó ti di ọwọ́ mi mú. Mo jẹ́ kó dì í mú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù náà kò kúrò lára mi.