Nígbà Tí Òjò Dá Lórí Àgbàdo Màmá

Ìgbà tí àgbàdo Màmá mi gbọmọ pọ̀n ni òjò dá. Ká ní ó ti dá ṣáájú ìyẹn ni, ǹ bá má bẹ̀rù tó bẹ́ẹ̀. SVT, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí àti ilẹ̀, ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Ìfọ̀nyìn, mo sì mọ ohun tí ọ̀dá ń fi ojú àgbàdo rí nígbà tí irun rẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tí wọ́n ń gbé ní Kútọnu ti bá Màmá ṣàdéhùn. Lọ́dún tó kọjá, ebi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Màmá sóko wọn ní Lagbé, wọn ò sì sọ fún ẹnì kankan títí wọ́n fi ṣubú. Bọ̀ọ̀dá ní bí àgbàdo ọdún yìí ò bá ṣe dáadáa, kí Màmá fi oko sílẹ̀, kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Màmá gbà. Ẹ̀wọ̀n ni Kútọnu lójú Màmá mi o. Bí wọ́n bá sùn síbẹ̀, wọ́n á ní afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ò tó àwọn mí.

Mo gun sẹ́mìjàn, ọ̀kadà akérò, lọ bá wọn, mo sì ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí.

“Ewé ló ń ṣe ṣúgà, Màmá. Ṣúgà yẹn á gba inú igi lọ bá ọmọ. Àmọ́ hóró kékeré ò lè jẹ ẹ́ lódindi. Nǹkan kan wà nídìí hóró, anzíìmù là ń pè é ní kíláàsì, òun ló ń gé ṣúgà yẹn sí méjì kí hóró tó rí i jẹ. Bí omi bá wọ́n, á rẹ nǹkan yẹn, hóró á sì kú sára ṣùkù.”

“Ebi ṣúgà ló ń pa wọ́n nígbà náà?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sì sáré padà síṣẹ́.

Nígbà tí mo tún dé, Màmá ti po ṣúgà mọ́ omi, wọ́n ń fi ife bù ú sórí irun àgbàdo, lọ́kọ̀ọ̀kan. Èèrà ti bo gbogbo rẹ̀.

“Màmá, kí lẹ̀ ń ṣe?”

“Mò ń fún wọn lóúnjẹ.”

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ni mo bá rí bí wọ́n ṣe ń rọra bù ú bí ẹni tó ń bọ́ ọmọ ọwọ́, omi sì bọ́ lójú mi. Mo ní ṣúgà tirẹ̀ ti wà nínú rẹ̀, ẹni tó máa gé e ni kò lágbára. Omi lásán ni kí a máa bù sí ìdí rẹ̀. A wá ń pọn omi kànga, èmi àti Màmá, a ń pọn, ọrùn ń ro wá, ibi tó sún mọ́ ojú ọ̀nà nìkan ni agbára wa ká. Ní kíláàsì, ojú ọ̀run ni mò ń wò látojú fèrèsé. Àwọn ọmọ á ní, “Màdáàmù, ẹ ti kọ èyí lẹ́ẹ̀kan.”

Nígbà tí àgbàdo gbẹ tó kórè, Bọ̀ọ̀dá gbé mọ́tò wá. Etí ọ̀nà ni Bọ̀ọ̀dá ti já ọ̀kan, wọ́n bó háhá rẹ̀. Hóró kún un láti ìdí dé orí. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

“Ó dáa, Màmá. Ẹ jókòó ti oko yín.”

Mo mí kanlẹ̀. Màmá ò mí ní tiwọn. Wọ́n di ọwọ́ Bọ̀ọ̀dá mú, wọ́n ń fà á lọ sáàárín oko. Mo di ìró wọn mú lẹ́yìn, mo rọra ní, “Màmá, ó ti tó.” Wọ́n gbọn ọwọ́ mi dànù.

Láàárín oko, Màmá fúnra wọn ló bó ọ̀kan. Ṣùkù lásán, hóró díẹ̀ fọ́n ká ara rẹ̀. Wọ́n bó òmíràn. Bákan náà ni.

“Etí ọ̀nà nìkan ni omi dé,” Màmá wí. “Èyí ò lè bọ́ mi dé òjò tó ń bọ̀. Mo ti bá ẹ ṣàdéhùn.”

Bọ̀ọ̀dá wò mí, mo wo ilẹ̀. Màmá tú gèlè wọn, wọ́n fi nu ojú.

“Ẹ jẹ́ n lọ kó adìyẹ mi. Wọ́n ń gba adìyẹ níbi tí ò ń gbé, àbí wọn ò gbà?”

Bọ̀ọ̀dá, tí wọ́n ń gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí kò ní àgbàlá kankan, ní, “Wọ́n ń gbà, Màmá.”