Ìdá Kan Nínú Mẹ́wàá Owó Ilé Kétu

Ilé tí bàbá ìyá mi kọ́ sí Kétu kò tóbi, ṣùgbọ́n ojú títì ló kọjú sí, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì gùn lọ sẹ́yìn, ó ṣeé kó ọjà sí. Bàbá àgbà fẹ́ ìyàwó méjì. Ìyàwó àkọ́kọ́ bí ọmọ méjì: Dádì Kétu, àgbà gbogbo wọn, tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn ilé náà títí di òní, àti ìyá mi. Ìyàwó kejì bí ẹyọ ọmọ kan, Mọ́mì Gbàgádà. Láti ìgbà tí bàbá àgbà ti kú, Dádì Kétu ló ń gba owó ilé lọ́wọ́ ayálégbé, ìdí igi ni wọ́n sì fi ń pín in. Mọ́mì Gbàgádà máa ń gba ìdajì nítorí òun nìkan ló dúró fún ìyá rẹ̀; Dádì Kétu àti ìyá mi á pín ìdajì yòókù. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń rò pé ìpín náà kò dọ́gba. Nígbà tí mo dàgbà, mo rí i pé ó dọ́gba. Ìyá ni wọ́n kà, wọn kò ka orí.

Lọ́dún tí mo parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, tí mo wà nílé tí mò ń wá iṣẹ́, àwọn oníṣòwò tó wà nísàlẹ̀ ilé náà kó jáde. Ilé-iṣẹ́ kan tí àwọn ará Íńdíà dá sílẹ̀ ló gbà á. Kéréètì oníke tí wọ́n fi ń kó tòmátò ní Mile 12 ni wọ́n ń tà, ibẹ̀ ni wọ́n sì fẹ́ máa kó o sí. Dádì Kétu bá wọn fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Nígbà tí owó dé, ìdá kan nínú mẹ́wàá ti dín níbẹ̀. Ó pín ohun tó rí gbà, ó sì sọ fún àwọn àbúrò rẹ̀ ohun tí wọ́n sọ fún un: pé ìjọba ló yọ ìyókù.

Ní ọjọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, Mọ́mì Gbàgádà gba ṣọ́ọ̀ṣì wá sí Kétu, kò tiẹ̀ dúró bọ́ gèlè.

"Ìjọba wo, Bọ̀dá?" ló wí. "Ìjọba tí kò tún gọ́tà iwájú ilé yìí ṣe ló wá ń mú owó nínú ilé?"

"Ohun tí wọ́n sọ fún mi ni mo sọ fún ẹ."

"Ìdá kan nínú mẹ́wàá! Pásítọ̀ mi gan-an kì í fúnra ẹ̀ yọ ìdámẹ́wàá. Ó máa ń dúró kí n mú un wá ni."

Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín, ó sì yára fọwọ́ bo ẹnu. Dádì Kétu kò rẹ́rìn-ín. "Sọ ọ́ jáde," ó ní. "Sọ pé mo jí i."

"Mi ò sọ pé ẹ jí nǹkan. Mo ní kẹ́ ẹ fi hàn mí. Tí kò bá sẹ́ni tó lè ṣàlàyé ẹ̀ kí oṣù yìí tó parí, lọ́yà ni yóò máa gba owó ilé yìí, ọwọ́ ẹ̀ náà ni kọ́kọ́rọ́ yóò máa wà."

Dádì Kétu bọ́ ìdìpọ̀ kọ́kọ́rọ́ kúrò ní bẹ́líìtì rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì. "Ọjọ́ tí wọ́n bá gba eléyìí lọ́wọ́ mi nítorí olè, mi ò ní sùn nínú ilé yìí mọ́."

Ìyá mi kọjú sí mi. "Ìwọ tó o kàwé, sọ nǹkan."

Ìmọ̀ ilẹ̀ àti òkúta ni mo kà. "Mi ò tíì mọ̀," ni mo dáhùn.

"Ẹ wo ọ̀mọ̀wé wa," Mọ́mì Gbàgádà wí.

Mo ní kí wọ́n fún mi láyè títí oṣù yóò fi parí. Nínú ọkàn mi, mo ti rí i pé ọ̀nà mẹ́ta péré ni ọ̀rọ̀ náà lè gbà: bóyá Dádì Kétu ló mú owó náà, bóyá ilé-iṣẹ́ ló mú un, tàbí kó jẹ́ pé ìjọba gbà á lóòótọ́. Ọwọ́ Dádì Kétu ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere, n kò sì fẹ́ kó jẹ́ òun. Nítorí náà gan-an ni mo fi pinnu láti ṣọ́ra. Ìfẹ́ kì í ṣe ẹ̀rí.

Ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ náà wà ní Ìkòsì. Wọ́n dá mi padà ní géètì. Mo padà lọ, wọ́n ní akáúńtáǹtì kò sí nílé. Mo tún padà lọ, mo jókòó sórí kéréètì kan lẹ́nu ọ̀nà títí ó fi dé. Ará Íńdíà ni, ó ti pẹ́ ní Èkó. "Ẹ jókòó, ẹ jókòó," ló fi Yorùbá sọ, lẹ́yìn náà la bọ́ sórí Gẹ̀ẹ́sì. Mo bi í léèrè ìdí tí owó wa fi dín.

Ó ní kì í ṣe ilé tiwa nìkan. Bí ilé-iṣẹ́ bá fẹ́ san owó ilé, òfin ní kó kọ́kọ́ yọ ìpín ìjọba níbẹ̀, kó tó fún onílé ní ìyókù. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe nílé wọn ní Íńdíà, ó ní. Láti ibi tí owó ti ń sun ni wọ́n ti ń bu owó-orí. Wọ́n ń bù ú nínú owó ilé, nínú owó lọ́yà, nínú kọmíṣàn, nínú owó kọngílá, àní nínú èlé tí báńkì ń san. Tí onílé ò bá fún ayálégbé ní nọ́ńbà owó-orí rẹ̀, wọ́n á yọ ju bó ṣe yẹ lọ.

"Kí ló máa jẹ́ kí n gbà pé ẹ kò fi sápò?"

Inú kò bí i. Ó ní tí òun kò bá yọ ọ́, tàbí tí òun yọ ọ́ tí òun kò fi ránṣẹ́, ilé-iṣẹ́ ni ìjọba máa bù lówó ìtanràn, kì í ṣe onílé. Mo rò ó wò. Ìdí tó mọ́gbọ́n dání ni, àmọ́ ẹnikẹ́ni ló lè sọ ọ́. Ó wá fi ìwé-ẹ̀rí owó-orí tí wọ́n yọ náà hàn mí. Orúkọ Dádì Kétu nìkan ló wà lórí rẹ̀, nítorí òun ló fọwọ́ sí àdéhùn.

Mo ní kó ṣàlàyé ìwé náà fún mi. Owó-orí tí wọ́n yọ kì í ṣe owó ìtanràn, àsansílẹ̀ ni. Tí wọ́n bá ṣírò owó-orí onílé lópin ọdún, wọ́n á yọ ohun tó ti san kúrò. Ṣùgbọ́n tí orúkọ ẹnì kan ṣoṣo bá wà níbẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ni àsansílẹ̀ náà wà fún. Mọ́mì Gbàgádà ló ni ìdajì ilé, ìjọba sì tún lè béèrè owó-orí ìdajì yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, torí kò sí ohun tó fi hàn pé wọ́n ti yọ kọ́bọ̀ lórúkọ tirẹ̀. Ẹni tó ń pariwo jù ni wọ́n rẹ́ jẹ jù, bó tiẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

"Irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ nílé wa," akáúńtáǹtì náà sọ. Òun àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọ jogún ilé kan, ọ̀kan nínú wọn sì ń gbé lókè òkun. Wọ́n jà fún ọ̀pọ̀ oṣù kí wọ́n tó kọ ìpín oníkálukú sílẹ̀ fún ayálégbé. Láti ìgbà náà, wọ́n ń yọ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan lórúkọ tirẹ̀. Ti ẹni tó wà lókè òkun tiẹ̀ pọ̀ ju tiwọn lọ, òfin Íńdíà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ni ilé Kétu bá lè fọwọ́ sí ìpín wọn, òun yóò ṣe é bẹ́ẹ̀ fún wa.

N kò tíì fọkàn balẹ̀. Mo mú Dádì Kétu lọ sí ọ́fíìsì owó-orí, torí wọn kò ní sọ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn fún mi. Obìnrin tó wà níbẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò lórí kọ̀ǹpútà, ó ní owó náà ti wọlé. Mo wá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ orúkọ náà fún Dádì Kétu bí a ṣe jókòó nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá tí à ń padà bọ̀.

"Ìjọba ló gbà á," Dádì Kétu wí. "Ṣé ìyẹn nìkan ò tó? Ṣé dandan ni ká sọ ti orúkọ?"

"Dádì, ẹ ò jí nǹkan kan títí di òní," mo ní. "Tá a bá fi eléyìí pamọ́, ó ti di nǹkan míì."

Ó wojú mi gan-an. "Ìwọ tí kì í sọ̀rọ̀," ó wí.

Nígbà tí a tún jókòó ní pálọ̀ Kétu, kọ́kọ́rọ́ náà ṣì wà lórí tábìlì tí Dádì Kétu gbé wọn sí. Kò fi wọ́n kọ́ bẹ́líìtì mọ́, tó bá lò wọ́n tán á dá wọn padà síbẹ̀. Mo sọ fún wọn pé owó tí wọ́n yọ náà dà bí àjọ: ayálégbé ló ń bá onílé dá a sọ́dọ̀ ìjọba, kí ọjọ́ ìṣirò tó pé.

Mọ́mì Gbàgádà kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. "Káàdì àjọ yẹn, orúkọ ta ló wà lórí ẹ̀?"

Mo la ẹnu. Dádì Kétu ló dáhùn.

"Tèmi. Tèmi nìkan."

Ìyá mi ń wo ilẹ̀.

"Ṣé ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀?" Mọ́mì Gbàgádà bi í.

"Ọ̀sẹ̀ yìí ni mo mọ̀. Mo fẹ́ fi pamọ́ fún ẹ, ọmọ yìí ò gbà. Tí wọ́n bá tún bi ọ́ léèrè nǹkan kan lórí ti èyí tó kọjá, nínú ìpín tèmi ni mo ti máa san án. Èyí tó ń bọ̀, kí wọ́n kọ orúkọ àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

Mọ́mì Gbàgádà fi ìka ti ìdìpọ̀ kọ́kọ́rọ́ náà sọ́dọ̀ Dádì Kétu. "Ẹ gbé e kúrò níbí, Bọ̀dá. Mi ò ríbi gbé tíì mi lé."

Àwa mẹ́rin la jọ lọ sí ọ́fíìsì owó-orí láti gba nọ́ńbà Mọ́mì Gbàgádà àti ti ìyá mi. Bẹ́ǹṣì kò gbà wá. Mọ́mì Gbàgádà fi ìgúnpá gún Dádì Kétu ní ìhà: "Olè mi, ẹ sún." Ẹ̀rín tí Dádì Kétu rín pọ̀ débi tí àwọn tó wà lórí ìlà fi yíjú wò wá.

Nígbà tí ọdún yípo, Mọ́mì Gbàgádà pè mí lórí fóònù.

"Owó ilé ti wọlé. Ó dín."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì."

"Orúkọ ta ni wọ́n fi yọ ọ́?"

"Orúkọ yín ni."

Mo gbọ́ tó ń tẹ fóònù, bóyá ó ń ṣírò rẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo dúró kó parí, nítorí èmi náà ì bá ṣírò rẹ̀.

"Ó pé," ó wí. "Bá mi kí Bọ̀dá. Sọ fún wọn pé tápù ilé ìdáná ẹ̀yìnkùlé ń jò, àwọn ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wọn."