Ojú Tó Ń Sàn

Bàbá Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ kò tíì fẹ́yàwó, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ̀rọ̀ ọmọ. Ilé ìwòsàn ojú tí wọ́n tún ti ń ṣe awò ló wà. Ìgbàkígbà tí dókítà bá yẹ ojú ẹnì kan wò, ìlà tuntun kan á wọ inú kọ̀ǹpútà: orúkọ ẹni náà, ọjọ́ àyẹ̀wò, àti nọ́ńbà tó ń sọ bí awò rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ lágbára tó. Ẹlòmíì ní ìlà méjì, ẹlòmíì ní mẹ́wàá. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó mú ìlà tó dé kẹ́yìn fún olúkúlùkù, kó fi ránṣẹ́ sí Àgbà Agédígí, ọkùnrin tó ń gé awò ní yàrá ẹ̀yìn.

Àbúrò ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà, aránṣọ tó ti pẹ́ nídìí maṣínì. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ ojú ọ̀tún fún un ni. Ti ojú òsì di Ọjọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó yà sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, awò tuntun wà lójú obìnrin náà, síbẹ̀ ó ń fọwọ́ wá ihò abẹ́rẹ́ bí ẹni tó wà nínú òkùnkùn.

"Àǹtí, ṣé awò yìí ò bá yín mu ni?"

"Awò kọ́, ojú ni. Dókítà yín ti bà á jẹ́. Ẹ má dúró dè mí ní Ọjọ́bọ̀ o. Èyí tó kù yìí, ẹ jẹ́ n máa lò ó bẹ́ẹ̀."

"Àǹtí, ẹ ṣe sùúrù."

"Ṣé sùúrù ló máa bá mi ki òwú bọ abẹ́rẹ́?"

Ó gba awò náà lójú rẹ̀, ó gbé e lọ bá Àgbà Agédígí. Bàbá náà fi í sábẹ́ ẹ̀rọ, ó ka nọ́ńbà rẹ̀ jáde.

"Ohun tó o fi ránṣẹ́ ni mo gé. Àbí kí n máa lálàá nọ́ńbà?"

Nọ́ńbà tí àǹtí rẹ̀ ń lò kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ ni. Ó yọ àwọn ìlà obìnrin náà wò: nínú èyí tó kẹ́yìn, nọ́ńbà náà ti wálẹ̀ dáadáa.

Ó jókòó, ó tún ìbéèrè tó kọ fún kọ̀ǹpútà kà, èyí tó ń sọ ohun tó máa mú nínú ìlà olúkúlùkù. Ọjọ́ tó kọ ọ́, kọ̀ǹpútà ò mọ èwo nínú nọ́ńbà ẹnì kan ni kó mú, òun sì ní kó mú èyí tó pọ̀ jù, torí ó bá ti gbogbo àwọn tó fi dán an wò mu. Kọ̀ǹpútà gbọ́ràn. Ó mú ọjọ́ tó kẹ́yìn nínú ìlà kan, ó mú nọ́ńbà tó pọ̀ jù nínú òmíràn, ó so wọ́n pọ̀ di ìlà tí dókítà kankan ò kọ rí.

Kò sẹ́ni tó fura, nítorí ojú ọ̀pọ̀ èèyàn, ó ń burú sí i ni. Àwọn tí ojú wọn sàn nìkan ló ń jìyà. Láìmọ̀, ó ti kọ́ ẹ̀rọ náà pé ẹnikẹ́ni ò lè sàn ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ń rò ó bóyá òun alára gbà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ó tún un kọ: to ìlà olúkúlùkù láti tuntun sí àtijọ́, mú èyí tó wà lókè pátápátá, kó o sì gbé e lódindi. Nígbà tó fi èsì tuntun wé ti tẹ́lẹ̀, àǹtí rẹ̀ nìkan kọ́ ni nọ́ńbà rẹ̀ yí padà. Ó gbé orúkọ wọn lọ bá ọ̀gá. Ọ̀gá pariwo títí, lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n.

Lọ́jọ́rú, ó jẹ́wọ́ àṣìṣe rẹ̀ fún àǹtí rẹ̀, ó sì fi awò tuntun sí i lójú. Obìnrin náà wo aṣọ tó wà lórí maṣínì.

"Ta ló rán ìránkúràn yìí?"

"Ẹ̀yin ni, lánàá."

Ó fọwọ́ bo ojú kan, ó fi èkejì wò. Ó pààrọ̀ ọwọ́.

"Ìwọ lo ṣe é, mo wá ń bú dókítà."

"Èmi ni, Àǹtí. Ẹ jọ̀ọ́."

Obìnrin náà tún awò náà tò sójú. Ó ní, "Àwọn yòókù ńkọ́?"

"À ń pè wọ́n."

"Kí ẹ tó sọ̀rọ̀ awò, ẹ kọ́kọ́ sọ fún wọn pé ojú wọn ò bàjẹ́."

Ó fa aṣọ náà mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. "Ìwọ lo máa mú mi lọ lọ́la. Tètè dé o, mo fẹ́ bẹ dókítà yẹn kó tó mú abẹ lọ́wọ́."