Ìtàn Ajá Tó Sọnù, Lójú Ìwé Tí Kò Sí

Ìyá Kánmọ́kánmọ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, wọn ò sì parọ́ mọ́ ọn. Aránṣọ ni, ìdí rẹ̀ kì í sì í gbélẹ̀. Bó bá jókòó ti ẹ̀rọ, kò ní pẹ́ tí yóò fi dìde wo ẹnu ọ̀nà. Aṣọ tí kò bá tíì lọ̀ kó dán, oníbàárà ò ní fojú kàn án. Bí ẹnìkan bá fẹ́ yí aṣọ padà wo inú rẹ̀, á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí. Ojú ọmọ náà ò ríran dáadáa láti kékeré, jígí ò sì ràn án. Ohun tó gbé e dúró nílé ìwé ìjọba kò ju ìwé onílẹ́tà gàdàgbà àti àǹtí kan tó ń jókòó tì í, tó ń ka ohun tó wà lójú pátákó sí i létí. Nígbà tí ilé ìwé ránṣẹ́ pé òṣìṣẹ́ ìjọba ń bọ̀ wá yẹ ọmọ náà wò, bóyá kí ìrànlọ́wọ́ yìí máa lọ tàbí kó dópin, ara ìyá ò balẹ̀ mọ́.

Ẹlòmíràn á jókòó jẹ́ẹ́, á jẹ́ kí wọ́n bá ọmọ bó ṣe wà. Ìyá Kánmọ́kánmọ́ kọ̀. Ó lóun ò ní jẹ́ kí àlejò fojú ọ̀dẹ̀ wo ọmọ òun. Ó wádìí lọ́wọ́ àwọn òbí tó ti ṣe tiwọn, wọ́n ní ìtàn ajá tó sọnù, èyí tó wà níbẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà, ni ọkùnrin òṣìṣẹ́ náà máa ń fún àwọn ọmọ kà. Ló bá ń ka ìtàn náà sí ọmọ létí, níbi ìwẹ̀, nídìí ẹ̀rọ, lórí oúnjẹ, títí ọmọ fi mọ̀ ọ́n lórí. Ó fi ètè sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Ọjọ́ pé. Ní ọ́fíìsì olùkọ́ àgbà, ọkùnrin náà ṣí ìwé onílẹ́tà wínníwínní síwájú ọmọ. Ọmọ gbé ojú sún mọ́ ọn, ó ń fìka tọ ìlà, ó sì kà á geere. Ó tiẹ̀ gbóhùn sókè níbi tí olówó ajá ti ń pè é. Orí ìyá wú.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní inú òun dùn, ó ní ọmọ yìí ò nílò àǹtí mọ́, kí wọ́n gbé e fún ọmọ mìíràn. Ó ṣí gègé ìkọ̀wé rẹ̀ láti kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìyá ti àga sẹ́yìn. Ó dìde, ó jókòó, ó tún dìde, ó lọ dúró ti fèrèsé. Bó bá dákẹ́, ọmọ á gba ìyìn lónìí, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó síwájú pátákó tí kò rí. Bó bá sì sọ̀rọ̀, ojú ọmọ náà ni yóò ti tú àṣírí rẹ̀. Ó dùn ún wọra.

Ó padà wá sídìí tábìlì, ó ṣí ìwé náà sí àárín, níbi tí àwòrán ọkọ̀ ojú omi ti gba gbogbo ojú ewé, tí kò sí lẹ́tà kan níbẹ̀.

“Ẹ dákun, ọ̀gá, ẹ wò ó,” ló wí. “Ọmọ mi, tún un kà.”

Ọmọ gbé ìka lé orí omi, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ ìtàn ajá tó sọnù.

Ìyá ò lè wò ó. Ó ti padà sídìí fèrèsé. Ọkùnrin náà rọra dé gègé rẹ̀. Ọmọ gbọ́ bí yàrá ṣe dákẹ́, ó dúró, ó kọjú sí àga tí ìyá rẹ̀ ti kọ́kọ́ jókòó sí.

“Màmá,” ó bi àga náà, “ṣé mo fo ibì kan ni?”