Ejò Afọ́jú Bísíríyù

Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ olóògbé Bísíríyù Ògúnsànyà ní Ìgbògbò, ọ̀rọ̀ ọjà Ejinrin ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Mùlíkátù, ìyàwó rẹ̀, wà níbẹ̀, ojú sì tì í débi pé ó fi gèlè bojú. Láàárín ọjà gan-an ni Bísíríyù ti ṣí fìlà, tí ejò afọ́jú kan, tí kò ju ekòló ńlá lọ, ń rìn kiri lórí rẹ̀ tó fá kodoro.

"Ẹ má sá o! Kò ní oró! Ẹyin ikán ló ń jẹ!"

Ta ni yóò dúró? Oníṣu kan bẹ́ sínú ọkọ̀ ojú omi láìbéèrè ibi tó ń lọ. Èkó ló bá ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilé ló fà á. Amọ̀ ni Bísíríyù fi ń mọlé fáwọn èèyàn, ọdún 1953 ló sì tó fẹ́ mọ tirẹ̀. Bó ṣe ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ni ejò náà yọ. Ìrù rẹ̀ kò yàtọ̀ sí orí, gbogbo ìlú sì gbà pé olórí méjì ni, pé ibi tó bá ti jáde kò ṣeé gbé.

"Bàbá Kúlúsúmù," ni Mùlíkátù wí, "bí ẹ bá kọ́lé síbí, ilé bàbá mi ní Ẹ̀pẹ́ ni èmi àti ọmọ yóò máa gbé."

"Orí kan ṣoṣo ló ní! Ìdí rẹ̀ lẹ̀ ń pè ní orí!"

Bísíríyù ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbà fún èèyàn. Ó ti bá ládàánì jiyàn rí pé ilẹ̀ kò tíì mọ́. Ló bá na ìka sí ejò. Ejò fi ṣóńṣó ìrù gún un díẹ̀. Wọ́n tẹ́ ẹní fún un kó máa kú lọ, áfà bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Nígbà tó di àsìkò alásàrí, ó gbórí sókè.

"Ṣé ẹni tó ń kú kì í jẹ ìkọ́kọrẹ́ ni?"

Mùlíkátù rẹ́rìn-ín títí, ó sì di ẹrù rẹ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ìgbà náà ni Bísíríyù gbé ejò lọ sí ọjà Ejinrin, kí gbogbo ayé lè rí i pé kò ní oró.

Oṣù mẹ́jọ ni Bísíríyù fi dá gbé ilé tuntun. Mùlíkátù a máa gbé oúnjẹ wá, ojú fèrèsé ló sì ń dúró sí. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó bá ọkọ rẹ̀ lórí ògiri pẹ̀lú dígà.

"Kí lẹ ń ṣe níbẹ̀?"

"Mò ń wó o. Mo borí gbogbo Ìgbògbò, ṣùgbọ́n èmi nìkan ló ń jẹun."

Mùlíkátù kò gbọ́ ọ rí kí Bísíríyù gbà fún ẹnikẹ́ni. Àyà rẹ̀ já ju ìgbà tó rí ejò lọ. Ó ká ìró sókè, ó wọlé, ó gun orí àpótí. Ọjọ́ kejì ló tó sọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n kò padà sí Ẹ̀pẹ́ mọ́.

Bísíríyù kú ní 1959. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ rẹ̀, ejò afọ́jú kan sì yọ lábẹ́ ẹní. Àwọn àlejò fọ́n ká. Síkírù, àbúrò olóògbé, gbé ọmọ odó.

"Fi í sílẹ̀!" Mùlíkátù tẹ̀ ba, ó fọwọ́ gbé ejò náà lọ sẹ́yìn ilé.

"Ìyá Kúlúsúmù, ṣé ẹ̀rù rẹ̀ ò bà yín mọ́ ni?"

"Ó ń bà mí gan-an." Ó ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń dà lójú rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbèjà rẹ̀ ti lọ, Síkírù. Èmi ló kù tó ní."