Òòyà àti Dígí Lára Òkúta

Ní àwọn ọdún 1980, nígbà tí mo ṣì ń kàwé ní Houston, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń gbẹ́ òkúta ibojì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá mi jẹ́ òyìnbó arúgbó tí ìyá rẹ̀ wá láti Scotland. Ó lẹ àwòrán òkúta àwọn Pict mọ́ ògiri, àwọn tó gbé ilẹ̀ ìyá rẹ̀ láyé àtijọ́. Ohun tí wọ́n gbẹ́ sára àwọn òkúta náà ni ejò, ẹja, oṣù tuntun tí ọfà tó dá gba àárín rẹ̀ kọjá, òòyà àti dígí. Ó ní kò sẹ́ni tó mọ ìtumọ̀ wọn mọ́, àmọ́ àwọn kan rò pé obìnrin ni wọ́n ń gbẹ́ òòyà àti dígí fún. Mo fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn wo ló ń gbẹ́ òkúta láìkọ orúkọ òkú sí i?

Ibà ọjọ́ mẹ́ta ló pa ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún méjì ààbọ̀. Láràárọ̀, tí ìyá rẹ̀ bá ya irun rẹ̀ tán, kò ní sọ̀ kalẹ̀ lórí itan àfi tí wọ́n bá gbé dígí fún un. Lọ́dọ̀ tiwa, òbí kì í sin ọmọ, kì í sì í mọ ojú oórì rẹ̀. Bàbá àgbà kan nínú ìjọ Aládùúrà wa ló gbé e lọ, bàbá yìí nìkan ló buwọ́ lùwé ìsìnkú. Èmi àti ìyàwó mi jókòó sí apartment wa, a ò bèèrè ọ̀nà tí wọ́n gbà.

Inú ń bí mi. Èmi tí mò ń gbẹ́ òkúta fún òkú olókùú, kí ni mo gbẹ́ fún tèmi? Mo mú àfọ́kù òkúta kan, mo gbẹ́ òòyà àti dígí sí i. Ọwọ́ mi kọ̀ láti kọ orúkọ rẹ̀. Mo gbé e tọ bàbá náà lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi gbé e síbẹ̀."

"Mo ti gbọ́. But má bi mí níbi tó wà o. Lọ dúró ti ìyàwó ẹ."

Mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́. Mo ní tó bá yá, màá bèèrè. A bí méjì sí i, a kó lọ sí Sugar Land, ojú ṣì ń tì mí láti bèèrè. Kí n tó gbójú, bàbá ti kú.

Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kú, ó yá ju ọmọ ẹni nù lọ. Tèmi kú, ó tún nù. Mo ti wọ àwọn itẹ́ òkú tó yí Houston ká, láti Richmond dé Baytown, mò ń wolẹ̀ kiri. Bóyá ẹlòmíì ti rí òkúta náà, tó dúró níbẹ̀, tó ń bi ara rẹ̀ pé àwọn wo ló gbẹ́ òkúta láìkọ orúkọ òkú sí i.